Ẹ Má Hú Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi

Ṣọ́ọ̀bù Kẹrin,
Òpópónà Àwọn Aránbàtà.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 1987.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrántí Àwọn Akọni Ojú Ogun,
Yàrá Kejìdínlógún,
Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MO FA Ẹ̀SÙN MI SẸ́YÌN: Ẹ MÁ HÚ ẸSẸ̀ Ọ̀TÚN MI

1. Èmi ni ajagunfẹ̀yìntì tó kọ̀wé sí yín ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló wà nínú ibojì Jagunjagun Tí A Kò Mọ̀. Ẹ fèsì lọ́jọ́ Ajé tó kọjá pé òótọ́ ni, pé ẹ ó hú u fún mi lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó sì lẹ ìwé àlàyé síbẹ̀ fún aráàlú. Mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u.

2. Nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fáìlì yìí, n ó tún un sọ. Àdó olóró ló gé ẹsẹ̀ náà lójú ogun. Lẹ́yìn ogun, àwọn tí ẹ rán láti wá òkú akọni kan rí egungun ẹsẹ̀ mi nínú bàtà, wọn kò rí nǹkan mìíràn. Ẹ sin egungun, ẹ yìnbọn lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, ẹ sì gbé bàtà sínú àpótí gíláàsì. Èmi ni mo fi okùn pupa rán gìgísẹ̀ bàtà yẹn. Kò sí aránbàtà tí kì í dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀.

3. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni olórí orílẹ̀-èdè ti ń tẹrí ba fún ẹsẹ̀ mi, tí ìyókù ara mi ń wò ó láti ẹ̀yìn okùn pẹ̀lú èrò. Ọlọ́pàá ti lé mi kúrò lọ́dọ̀ ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mo jókòó nígbà tí gbogbo ayé dìde fún akọni.

4. Akọ̀wé yín náà kò dẹ̀ mí lọ́rùn. “Sí Olóògbé (Apá Kan)” ló kọ sára lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, mo ti di mọ̀lẹ́bí olóògbé, kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi àti ẹsẹ̀ náà tan. Ó tún béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà níyàwó. Mo fèsì pé ó ní, ṣùgbọ́n pé ọ̀dọ̀ mi ni obìnrin náà ń gbé.

5. Ìyàwó mi yìí ló ní kí n kọ̀wé. Ó ní kò yẹ kí ènìyàn máa lọ sọ́run ní ìdákúrekú, èmi náà sì gbà.

6. Ṣùgbọ́n lỌ́jọ́bọ̀, mo lọ wo ibi tí ẹ ó gbẹ́, mo sì bá ìyá Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni ọmọ ogun ẹgbẹ́ mi tó gbé mi pọ̀n lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi lọ. Mo sanra nígbà náà, òun sì rí bí igi ìṣáná. Ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ń ké pé kí wọ́n bá mi gbé ẹsẹ̀ mi, ó bá padà lọ wá a. Kò dé mọ́ títí dòní, a kò sì rí egungun rẹ̀ kan sin.

7. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì náà. Ó nawọ́ sí okùn pupa, ó ní, “Wo bí ọmọ mi ṣe ń tọ́jú bàtà rẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀bùn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó mọ̀ pé èmi ni ọmọ òun gbé, kò mọ ohun tó padà lọ gbé. Ojú tì mí, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀tẹ̀ ni mo ti fi sílẹ̀ látọjọ́ yìí tí mò ń pa làpálàpá.

8. Akọ̀wé yín kọ ọ́ sí mi pé orílẹ̀-èdè ń ṣe ìrántí kí a má baà gbàgbé. Ìyá yìí kò gbàgbé. Ibi tí yóò jókòó sí rántí ni kò ní, àfi ibẹ̀ yẹn.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fa lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ya, ẹ má sì lẹ ìwé kankan mọ́bẹ̀. Bí òfin bá béèrè, n ó fọwọ́ síwèé pé n kò mọ ẹsẹ̀ náà rí. Ìyàwó mi ti gbà. Ẹsẹ̀ mi ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá náà. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ kó máa ṣe ọmọ fún un.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà.

Èmi ni tiyín,
Aránbàtà, Ajagunfẹ̀yìntì,
Ẹni Tí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ Gbé Pọ̀n.