Oògùn Eyín Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Nù Kúrò

                                        Ilé alájà mẹ́ta,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ yín tó ń ránṣọ? Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. Jọ̀wọ́, ìwọ nìkan ni kí o ka lẹ́tà yìí, kí o sì fà á ya.

O mọ ọmọ-ọmọ mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tí ìyá rẹ̀ fi sọ́dọ̀ mi nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sókèèrè. Lánàá, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, nítorí mo rí àbàwọ́n funfun bí ẹfun lára eyín rẹ̀ níwájú. Dókítà náà, obìnrin ni, ní eyín ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ṣùgbọ́n kò tíì dihò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun oògùn tí wọ́n ń pè ní fúlọ́ráìdì sí i, kí ibi tó ń rọ̀ lè tún le padà láìfi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fọ eyín náà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé oògùn náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Ẹlẹ́rìn-ín kì í sì í pa ẹnu dé. Lórí àtẹ̀gùn ni a ti pàdé ìyàwó onígbàjámọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú. Ó wo ẹnu ọmọ náà, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìmọ́tótó fún gbogbo wa, ṣé ọṣẹ ìfọyín ló tán nílé ni?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó gún mi dé egungun. Etí mi ti ń gbọ́ bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́ ká àdúgbò. Ọ̀rẹ́ mi, mo tilẹ̀kùn, mo mú búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ tútù, mo sì ha oògùn náà dànù títí eyín fi funfun. Ọmọ náà ń sọ pé dókítà ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó la ẹnu dáadáa.

N kò fojú ba oorun. Ihò ni mo ń rí, ẹ̀rọ ni mo ń gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lónìí, mo mú un padà kí ó tó lọ síléèwé. Aṣọ títa lásán ló pààlà láàárín dókítà àti ibi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí, ìyàwó onígbàjámọ̀ sì wà níbẹ̀, ó fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà yẹ ẹnu ọmọ wò, ó béèrè ẹni tó nu oògùn òun kúrò. Ẹlẹ́rìn-ín wò mí, ó ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, ilẹ̀ ni mo ń wò. Dókítà bá a wí kíkankíkan, ó pè é ní aláìgbọràn, ó ní bó bá tún ṣe é, ẹ̀rọ ni yóò gbẹ́ eyín náà. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, a sì jáde.

Lójú ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ìyá ìsàlẹ̀ wà níta. Ẹ ò fẹ́ kó gbọ́."

Ojú tì mí débi pé n kò lè dì í lọ́wọ́ mú mọ́. Bó ti wọ iléèwé tán, mo padà, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn, títí kan ìyàwó onígbàjámọ̀, láìrẹ ohùn sílẹ̀. Bóyá ìròyìn mi ti délé ṣáájú mi. N kò béèrè. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n pè ní aláìgbọràn."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti jókòó sídìí tábìlì, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà fi ń bẹ ọmọ ọdún méje. Nínú gbogbo ìwé tí mo fi ara mi kọ́ láti kà, n kò rí i.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti aránṣọ. Má sọ fún wọn ìdí tí mo fi kọ̀wé. Mo ń gbọ́ ìró bàtà ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn. Jẹ́ kí n lọ ṣílẹ̀kùn kí ó tó kàn án.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Agébébà ilé ìtẹ̀wé.