Alántakùn Tó Ń Mu Omi

Tuva ọmọ mi,

Ó dá mi lójú pé àlàáfíà lo wà ní Göteborg, bí àwa náà ṣe wà níhìn-ín nìyẹn, àfi òtútù tí kò jẹ́ ká sinmi. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tó wà nínú ikùn rẹ. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àgbọ̀nrín ti wọ ọgbà, ó jẹ ápù ìyá rẹ tán, ìyá rẹ sì ń bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo pè é wá jẹun. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń rìn ségesège, ẹsẹ̀ tábìlì ni kò dọ́gba.

Ìwé ọjà tí o fi ránṣẹ́ ti dé. O ní kí n yan ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, kí n mú èyí tó bá wù mí, kí n má wo iye rẹ̀. Tuva, kí ló dé? Ọmọ tí kì í rà ju ìbọ̀sẹ̀ lọ fún mi nígbà Kérésìmesì ló dédé fẹ́ ra ẹ̀rọ! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Mo bi ìyá rẹ, ó ní òun kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò wojú mi, kọfí ló ń pò. O ṣáà mọ̀ pé nílé wa, baba àgbà ló ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ òdòdó sórí ibùsùn ọmọ tuntun. Baba mi ló gbẹ́ tìrẹ. Ó wá kàn mí báyìí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀.

Mo ka ìwé náà fúnra mi. Èyí tó wọ́n jù, wọ́n ní ó ní axel mẹ́ta, èjìká nìyẹn lédè Swedish wa. Kò lórí, kò lọ́wọ́, èjìká nìkan! Ìyá rẹ ní kò burú, ó ṣe tán èmi tí mo ní méjì, kí ni mo fi wọ́n ṣe. Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ní spindel, àti pé omi ni spindel náà ń lò kí ara rẹ̀ lè tutù. Láti kékeré ni mo ti mọ spindel, alántakùn ni, àjà ilé iṣẹ́ mi kún fún un, n kò sì rí èyí tó ń mu omi rí. Ṣé alántakùn ni wọ́n fẹ́ tà fún àgbàlagbà?

Mo tẹ ẹni tó ń tà á láago. Ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ó ní Bàbá, ẹ ó kàn jókòó máa wòran ni, iṣẹ́ á parí fúnra rẹ̀. Mo ní kí ni òun alára ti fi gbẹ́ rí. Ó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun ń gbé, kò sáyè. Ẹni tó ní òun ó dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Sixten aládùúgbò wa, tó ra ẹ̀rọ kékeré kan tí kò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Halvar, ìwọ àgbàyà yìí, ọ̀pá irin tó gbé ọ̀bẹ dání tó ń yí ni wọ́n ń pè ní spindel, òun àti alántakùn kàn jọ ń jẹ́ orúkọ ni. Axel tí ìwọ sì ń pariwo pé èjìká ni, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà rìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sílẹ̀. Ó tan tirẹ̀. Tuva, gbogbo tábìlì ń gbọ̀n! Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń fà á, bó ṣe kan ibi líle lára igi báyìí, ọ̀bẹ yà, ewé òdòdó rí págunpàgun. Ó ní olówó ńlá yẹn kì í gbọ̀n ní tirẹ̀, irin tó nípọn ni ara rẹ̀, skúrù ńlá ló ń tì í. Mo wo ewé yẹn, ọkàn mi bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ tí ọwọ́ èmi fúnra mi gbẹ́ ni mo ti ń jù síná láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí náà, èyí tó wọ́n ni kí o rà. Kí ọkọ rẹ gbé e wá, kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, èmi á máa sọ ibi tí ewé yóò yà sí fún un, nítorí òdòdó náà ti wà nínú orí mi. Fi owó igi ránṣẹ́, àti owó kọfí, torí ọkọ rẹ máa ń mu ún tán. Tí o bá pe ìyá rẹ, sọ fún un pé mo mọ̀ pé òun ló tú àṣírí mi. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀, kí ọmọ náà sùn lórí òdòdó tirẹ̀, kó dàgbà kó gbẹ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó ń gbọ̀n fún ọ. Tábìlì yìí kò ṣe nǹkan kan, Tuva, ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ohun kan tó ń gbọ̀n ti tó nílé iṣẹ́ yìí.

Èmi ni baba rẹ,
Halvar