Ọmọ Kan, Yunifásítì Mọ́kànlá

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó ti bàjẹ́ nílé yìí fún ọ àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, torí pé nílé ẹ̀kọ́ òwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ìròyìn burúkú ni kó máa ṣíwájú. Èkíní, àbúrò rẹ, Jẹ́jẹ́, kò jẹun dáadáa mọ́, kò sì sùn, yàrá tí à ń kó fúláwà sí ló ń gbé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá yín mọ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ yunifásítì àti kọ́ọ̀sì tó fẹ́ yàn ló ń já a láyà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ-má-bínú tó ń po fúláwà fún wa mọ̀, àwọn obìnrin tó ń di búrẹ́dì sí náílọ̀n mọ̀, ìwọ náà mọ̀, torí ó pè ọ́ lóṣù tó kọjá, ó sunkún sí ọ létí, o sì ṣèlérí fún un pé o kò ní sọ fún mi. Ẹ̀kẹta, mo ti fi ọmọ kan ṣoṣo yìí fún yunifásítì mọ́kànlá. Èmi àti Jẹ́jẹ́ nìkan la mọ ìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ náílọ̀n, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, màá dé ibẹ̀.

Ó dáa. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ? Kí Ọlọ́run máa ṣí ọ̀nà fún ọ, kó má jẹ́ kí o jí lọ́jọ́ tí ojú yóò tì ọ́ níwájú àwọn tí ìwọ fúnra rẹ ń sanwó fún, bó ṣe tì mí yìí. Àmín. Bàbá yín wà dáadáa, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó ṣe máa ń dún. A ti tún ẹnu ààrò ṣe, èéfín kò wọlé mọ́. Ìyá tó ń ta ẹyin ní òdìkejì ọ̀nà ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti sanra, mo ní n kò mọ̀.

O máa béèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́, tí mo wá jókòó tí mo ń kọ̀wé bí ẹni àtijọ́. Mo ti pa fóònù mi ni, mo sì fi sínú agolo íìstì tó ń mú búrẹ́dì wú, mo dé e, torí àwọn yunifásítì yẹn ń wá mi kiri.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí èsì ìdánwò Jẹ́jẹ́ jáde, tó sì dára, mo ní kó sọ yunifásítì àti kọ́ọ̀sì tó fẹ́ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun ń rò ó. Mo ní ó dáa, mo fún un di ọjọ́ kejì. Ó tún ní òun ń rò ó. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í fẹ́ kí nǹkan dúró sójú kan, búrẹ́dì tí a kò bá tètè yọ, èédú ló ń dà. Ni mo bá sọ fún un pé kó lọ sinmi, èmi ìyá rẹ̀ á bá a parí ẹ̀. Mo jókòó sórí àpò fúláwà, mo mú fóònù, mo wọ ojú ewé yunifásítì àkọ́kọ́ lórí ayélujára. N kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde, wọ́n ní ṣé mo gba gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́, wọn kò béèrè orúkọ ọmọ, wọn kò béèrè èsì ìdánwò, wọ́n kàn ń béèrè bóyá ìyá ọmọ fara mọ́ ọn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í gbára lé ọlọ́jà kan ṣoṣo, nítorí náà mo wọ ìkejì, àwọn náà béèrè, mo gbà. Ìkẹta, mo gbà. Nígbà tí wọ́n fi máa kó búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ jáde, mo ti gba mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo bínú díẹ̀, àmọ́ mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ-má-bínú, ó wo ilẹ̀, ó ní kí n má bínú o, ṣùgbọ́n ká ní àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n bi bóyá ẹ̀rọ ni mí, àwọn ì bá kọ́kọ́ jọ jókòó sọ ọ́. Gbogbo àwọn obìnrin náílọ̀n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú fóònù níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí lòun lè bá mi ṣe. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo kí i, mo béèrè ìyá rẹ̀, ó tún ní kí lòun lè bá mi ṣe. Nígbà tí mo dé yunifásítì kejì, ó ti ṣáájú mi débẹ̀. Ojú tì mí láti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìdágbére, torí náà mo fi fóònù sílẹ̀ ní títàn níwájú rẹ̀ títí tí iná inú rẹ̀ fi tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ní kí n wo iye tí wọ́n ń ta íìstì, yunifásítì kan á yọjú, àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín nínú ọgbà, wọ́n á ní ààyè ṣì wà, kí a máa bọ̀. Bí mo bá ń wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, òmíràn á yọ. Mo ní wọ́n ti wá gba ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ni mo ní láti fún wọn. Ṣé kí n gé e sí mọ́kànlá ni? Ìgbà náà ni fóònù wọ inú agolo.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ náílọ̀n pamọ́. Náílọ̀n wa ti fẹ́ tán, ọ̀gá atẹ̀wé sì ní kí n sọ ohun tí òun máa tẹ̀ sí tuntun, kíá. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà pé BÚRẸ́DÌ ÌYÁ DÓKÍTÀ. Jẹ́jẹ́ kò sọ pé dókítà lòun fẹ́ ṣe o. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní bó bá ti rí i lára búrẹ́dì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo ilé tó wà nílùú yìí ló ti jẹ ẹ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá jáde, wọ́n á ní Dókítà, ẹ̀yìn ń ro mí, Dókítà, wo ojú ọmọ mi yìí. Lọ́jọ́ kan, irin gé ọkùnrin tó ń ti búrẹ́dì sínú ààrò níka, ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀, ni gbogbo wọn bá kígbe pé ẹ pe Dókítà wá. Ọmọ náà wo ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò lè mí dáadáa, ó sáré wọ yàrá fúláwà, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Mo rò pé ibà ni. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kí n jáde síta díẹ̀. Èmi! Nígbà tó pè mí wọlé, ó ní kì í ṣe ibà, ẹ̀rù ni, ẹ̀rù pé kó má lọ yan èyí tí kò tọ́, kí gbogbo ayé sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó ní kó máa mí sínú díẹ̀díẹ̀, kó máa sọ ọ́ jáde fún ẹni tó bá lè gbọ́ ọ láìdá a lóhùn kíá, kó sì má dojú kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń sọ “láìdá a lóhùn kíá” yẹn, ojú mi ló ń wò.

Síbẹ̀ n kò gbọ́. Ó di ọjọ́ tí ọlọ́jà fúláwà gbé àpò tuntun wá, irú tí a kò lò rí. Ẹ-má-bínú ti ń tú ẹnu àpò láti da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, ta ní ń fi odidi àpò tí a kò mọ̀ ṣe búrẹ́dì? Mo ní kó yan ẹyọ kan péré, kí á gé e, kí á jẹ ẹ́, kí á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ká wò ó bóyá á le, kí a tó mọ̀ bóyá a máa rà á. Ó ní kí n má bínú. Ìlẹ̀kùn yàrá fúláwà ṣí, Jẹ́jẹ́ yọ, fúláwà ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò pariwo, o mọ̀ pé kì í pariwo. Ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ́kọ́ tọ́ fúláwà wò kí ẹ tó rà á, tí òun kò sì ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó wọlé padà, ó rọra ti ìlẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wo tírè wọn bí ẹni tí nǹkan bọ́ sínú rẹ̀. Mo lọ dúró sẹ́yìn táǹkì omi bí ẹni tó ń wo bóyá ó ń jò. Àkọ́bí mi, ojú tì mí. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì, n kò tíì gbé ẹyọ kan jáde rí tí n kò kọ́kọ́ tọ́ wò, mo sì fẹ́ gbé ọmọ mi jáde báyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kanlẹ̀kùn, mo jókòó lórí àpò kejì, n kò sì sọ̀rọ̀. Ó le o, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó pẹ́ kó tó sọ pé òun fẹ́ràn bí ilé ṣe ń dúró, òun sì fẹ́ràn àtikọ́ ọmọdé, nígbà mìíràn òun fẹ́ràn nǹkan tó wà nínú ilẹ̀, òkúta àti omi, òun kò mọ èwo ni ti òótọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ yunifásítì mọ́kànlá fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó ń retí wa, ohun tí mo gbà kò ju pé kí ojú ewé wọn máa rántí fóònù mi. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì náà bá wà nítòsí rẹ, dákun bá mi kí ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn, sọ fún un pé n kò fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀sí.

Ó sọ nǹkan kan sí i. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ìwọ fẹ́ràn ìṣirò owó tí mo ní kí o lọ kọ́. N kò tíì béèrè. Bí o bá wálé, kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ lọ kí o tó dá mi lóhùn.

Owó tí mo máa ń ní kí o fi ránṣẹ́, fi ti oṣù yìí bọ́ àbúrò rẹ. Awakọ̀ búrẹ́dì tó fún ọ ní lẹ́tà yìí ló máa gbé Jẹ́jẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Mú un wọ yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jókòó lẹ́yìn kíláàsì àwọn tó ń kọ́lé, àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé, àti àwọn olókùúta yẹn, ọ̀kan lójúmọ́. Má bi í pé èwo. Bó bá ní òun kò tíì mọ̀, ra nǹkan fún un jẹ. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ máa tì, bó bá sì tì kó tó múra tán, ọdún tó ń bọ̀ wà, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Náílọ̀n Dókítà, inú rẹ̀ la ń yí síta báyìí kí a tó fi di búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó jẹ búrẹ́dì tán ná.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì dúró, ẹ kò ní ṣubú lójú ọ̀nà, ẹ kò sì ní bẹ̀rù ìyá yín mọ́.

Fi èsì rán awakọ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín ní ọ̀sán Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ orúkọ kọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Kọ ọ́ sí mi bóyá Jẹ́jẹ́ ń sùn.

Èmi ni,
Ìyá Jẹ́jẹ́, ìyá tìrẹ náà.