Ẹ̀rọ Tojúbọ̀ọ́ àti Ojú Kan Tí Eli Ní

                                        Ṣọ́ọ̀bù Bándélé Onípáàtì,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì, Ìkóríta Ọ̀rẹ̀,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 1997.

Adéṣínà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn lóru kí ẹ̀yin náà lè sùn? Àwa ń bẹ láàyè bí èèyàn ṣe ń bẹ láàyè lábẹ́ àwọn sójà. Mọ́tò ò rí epo rà, ta ni yóò wá ra páàtì fún ọkọ̀ tí kò rìn? Màmá yín wá láti Ajue lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, wọ́n sì ní kí n kí ọ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu mi.

Ọpẹ́ ni mo ní lọ́kàn láti kọ sí ọ nípa ẹ̀rọ géèmù tí o fi ránṣẹ́ láti òkè òkun sí Eli, àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun yẹn ń rí mi lára. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, itọ́ ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí páálí náà dé, Eli gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lawrence, níbi tí gbogbo wa ti máa ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo wa lè jọ gbádùn rẹ̀. Lawrence ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn sí gbogbo wa létí. O ní ìyípadà tó dé bá géèmù nìyí, pé láìpẹ́ kò sẹ́ni tí yóò tún jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, inú géèmù gan-an ni oníkálukú yóò máa wọ̀. A pàtẹ́wọ́. A gbé e ka tábìlì bí awò ńlá, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a sì ń ti ojú bọ ẹnu rọ́bà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dúdú, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pupa, wọ́n á súnmọ́ ọ, wọ́n á tún jìnnà, bíi pé kí o na ọwọ́ mú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tojúbọ̀ọ́.

Ọláyídé télọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ààlà. Ó ní ẹni tó bá kọ ìyípadà, ayé á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, pé ṣebí àwa náà la fi géèmù bọ́ọ̀lù ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé, tí a ní bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá. Joshua tó ń pe èrò ní gáréèjì yọ ojú, orí ń fọ́ ọ, ó sì bi ẹ̀wà tó jẹ láàárọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ Lawrence. Ó fọ ẹnu tán, ó tún padà tò sórí ìlà. Ìdáyátù oníbúrẹ́dì, ẹni tó máa ń nà mí nínú géèmù bọ́ọ̀lù bí ẹni na ọmọ ilé ìwé, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohun tó sọ nìyí: “Bí mo bá gbá góòlù wọlé Bándélé, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ máa wò.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ẹnì kan bá ti ti ojú bọ̀ ọ́, àwa yòókù á kàn jókòó máa wo ìpàkọ́ rẹ̀ ni.

Wá wo rọ́bà yẹn náà. Òógùn gbogbo gáréèjì, ìpara irun, epo àkàrà, ipin ojú. Etí síńgílẹ́ẹ̀tì ni Lawrence fi ń nù ún, síńgílẹ́ẹ̀tì tí èmi ò lè fi nu táyà. Mo ti ojú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò tún dán an wò mọ́.

Adéṣínà, ojú mélòó ni Eli ní? Ìwọ ni mò ń bi. Nígbà tí ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un lójú ní Ajue, ta ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé Odìgbó, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́rùn? Ìwọ ni. Ojú kan tó kù yẹn ló fi ń na gbogbo wa lórí tẹlifíṣọ̀n. O wá ra ohun tí ojú méjì nìkan lè rí. Pẹlẹbẹ ni Eli ń rí i, pupa pẹlẹbẹ. Ọláyídé di ojú rẹ̀ kan, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Eli rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi í sílẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ti lọ, á tún padà lọ tẹ ojú mọ́ rọ́bà. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á, Bọ̀dá Bándélé. Bóyá ojú yìí á mọ̀ ọ́n tó bá yá.”

Ojú ò mọ̀ ọ́n. Àpólò ló kó. Gbogbo àwọn tó ń ti ojú bọ̀ ọ́ ló mú, ojú wọn pupa, ó ń ṣe ipin, ó ń lẹ̀ pọ̀. Fún olójú méjì, ẹ̀fẹ̀ ni. Ti Eli wú, ó sì dé pátápátá. Màmá yín gbé omi ilé àdúrà wá pé ká fọ̀ ọ́ sí i, aládùúgbò kan ní omi ọmú ìyá ọlọ́mọ, Lawrence ní omi ṣúgà. Mo lé gbogbo wọn. Mo mú un lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì fọ ojú náà, ó ní oògùn ò sí níbẹ̀, pé ká tètè wá a níta, torí bó bá wọ ẹyinjú, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Oǹdó ni mo ti rí i rà. Nígbà tí mo dé, Eli jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, oòrùn ń ràn án lórí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ní: “Bọ̀dá Bándélé, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?”

Mo kán oògùn náà sí i lójú. Wọ́n ní olójú kan kì í tàkìtì òró, ìwọ lo sì tẹ́ ẹní fún un.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ojú ti là, ó ń ríran. Ṣé o mọ ibi tí mo ti bá a lánàá? Lọ́dọ̀ Lawrence, ó tún ti ojú bọ̀ ọ́. Ó ní o máa pe òun lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, pé òun fẹ́ ní nǹkan tí òun máa sọ fún ọ nípa rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì. Ó wà lábẹ́ àwọn táyà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì ní jáde níbẹ̀.

Eli ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé òun dúpẹ́, pé ó dùn, pé òun ń rí i bó ṣe jinlẹ̀. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe rán mi. Irọ́ ni.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì gbé ọmọ fún mi. Ìdáyátù àti Lawrence ní kí n kí ọ. Bí o bá pe Eli lọ́jọ́ Ìsinmi, má bi í bó ṣe rí ẹ̀rọ náà. Bi í pé ta ló nà nínú géèmù bọ́ọ̀lù.

Bí inú tilẹ̀ ń bí mi, èmi ṣì ni tìrẹ,

Bándélé.