Elvire Kò Di Sísítà

Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, lẹ́yìn Kétu,
Ọjọ́ Ajé

Elvire ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo kí ọ kú ariwo ọkọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Fijirosẹ̀ náà wà lálàáfíà? Ọlọ́run tó ń dá òkun dúró tí kò fi gòkè wá bá yín lórí ibùsùn, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ní ti ilé, gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n má kọ ìkọkúkọ, ṣùgbọ́n èmi ni bírò wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń gbé inú rẹ̀ a kàn já lu ọ̀rọ̀ mi, a máa sọ Faransé, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n dágbére fún ọmọ mi ná, kò gbọ́.

Ohun tó gba lẹ́tà ni pé ẹ̀rù bà mí gan-an lóṣù yìí, ìwọ lo sì dá a sílẹ̀. O rántí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ gba díplómù. Mo wò ó, mo rí ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ tò lọ bẹẹrẹ, ẹ wọ funfun láti òkè délẹ̀, oníkálukú di àbẹ́là mú, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ ń búra. Mi ò rí ọkùnrin kankan láàárín yín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, wọ́n ti sọ ọmọ mi di sísítà ìjọ Àgùdà, àwọn obìnrin tí kì í lọ́kọ, tí kì í bímọ, àwa tí bàbá wa àgbà ti ń kọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì!

Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń kọ́ yín? Mo rò pé ìyá Jésù àti ọmọ rẹ̀ ni. Mo mú fóònù lọ bá Músé Chérif, olùkọ́ ilé ìwé wa, pé kó ka ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò fún mi. Ó kà á, ó ní sáàjì-fáàmù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ebi ń pa á, ó ń kánjú relé, ó ní fáàmù ni obìnrin, sáàjì sì ni ohun tí òun máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń pariwo, pé kí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́. Obìnrin jẹ́jẹ́! Mo ronú sí i. Gbogbo epo pupa tí mo tà láti ọdún yìí wá, ìwà jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ohun tí ìyá rẹ ìbá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ká ní òun náà ní i.

Ìyá rẹ kò sí nílé kó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, ó lọ kí àǹtí rẹ ní Sàkétẹ́. Mi ò pè ọ́, torí wọ́n ní àwọn sísítà kì í sábà sọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lọ bá Háàrúnà ẹlẹ́rọ àgbàdo, ẹni tó ti ń gbé iṣu wá fún mi, tó tún fa ewúrẹ́ kan wá, nítorí Mùílíù ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọ. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ti ṣáájú ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọ. Ó bá mi dárò dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ewúrẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí títí di ọjọ́ ọjà Kétu. Gbogbo obìnrin agbo ilé lọ sọ́jà, Olúwafẹ́mi àbúrò mi wà lóko. Kò sí ẹlòmíràn nílé ju èmi àti Ṣàrífátù ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù lọ, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ògiri mú, tí ó ń ké pé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ gbà mí. Mo rán ọlọ́kadà kan kó lọ gbé nọ́ọ̀sì wá, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ọ̀nà yẹn. Ìgbà náà ni mo pè ọ́, nítorí mo rò pé àdúrà sísítà yóò tètè gbà.

Dípò kí o kúnlẹ̀, o bi mí bóyá omi ti já. O tún ní ṣé orí ọmọ ti ń yọ. Elvire, ojú tì mí! Mo ní ta ló ń kọ́ àwọn sísítà nírú nǹkan báyìí? Ni o bá jágbe mọ́ mi, èmi bàbá rẹ, pé kí n lọ fi ọṣẹ fọwọ́, kí n kó aṣọ mímọ́ wá, kí n tan fídíò. Mo tan án. Mo kọ ẹ̀yìn fóònù sí Ṣàrífátù, èmi fúnra mi kọjú sí ògiri, nítorí ìyàwó àbúrò mi ni. O ní ògiri ni ò ń rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ògiri ni èmi náà ń rí. O ní, "Bàbá, ẹ yíjú padà, ọmọ ń bọ̀."

Mo yíjú padà. Mo gbé fóònù ti ìkòkò omi. O ní kí n má fà á, kí n kàn tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Obìnrin ni. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ké. Mo ní ó ti kú. O ní kò kú, kí n nu ún gbẹ kíákíá, kí n máa fi aṣọ ra á lẹ́yìn, kí n má dáwọ́ dúró. Mo ń ra á. Ṣàrífátù ń bi mí pé kí ló dé tí òun ò gbọ́ ohùn ọmọ, mo sáà ń ra á lọ. Ìwọ kò pariwo mọ́. Ohùn rẹ rọlẹ̀, àfi bí ẹni pé o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, o kàn ń sọ pé, "Ẹ máa ṣe é lọ, Bàbá. Ẹ máa ṣe é lọ."

Ó sín. Lẹ́yìn náà ó figbe ta, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. O ní kí n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, kí n da aṣọ bò wọ́n, kí n má fọwọ́ kan okùn ìwọ́ rẹ̀ títí nọ́ọ̀sì yóò fi dé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá bi ọ́ pé irú sísítà wo nìyí. O ní sísítà wo? O ní, "Bàbá, agbẹ̀bí ni mí. Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè ní sáàjì-fáàmù."

Nọ́ọ̀sì dé, ó yẹ àwọn méjèèjì wò, ó ní wọ́n dára, ó bèèrè agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni, ó wà nínú fóònù. Ìyá rẹ dé lọ́jọ́ kejì, ó ní òun mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, pé èmi ni mi ò bi òun. Mo padà lọ sọ fún Háàrúnà pé o ti kúrò nílé àwọn sísítà. Ó ní ẹ̀jẹ́ wo ni wọ́n ń jẹ́ tí kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì? Ó ní òun ti bá ará ibòmíràn sọ̀rọ̀ fún Mùílíù. Ìyá rẹ ní ọpẹ́ ni, ta ló tilẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ Elvire?

Ní báyìí, Bàbá Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè mí. N kì í kọjá lára aboyún kí n má bi í bóyá omi ti já. Àwọn kan ti ń gba ẹ̀yìnkùlé bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí náà, bí o bá dé ọjà Missèbo, wo ẹ̀wù funfun kan fún mi nínú òkìrìkà, èyí tó ní àpò, kó gùn dé orúnkún. Fi owó díẹ̀ tì í fún káàdì fóònù, kí obìnrin inú rẹ̀ lè sinmi, àti díẹ̀ kí n fi san ewúrẹ́ Háàrúnà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn àgbà pé ta ló gba èmi nígbà tí wọ́n bí mi. Wọ́n rántí òjò ọjọ́ náà, wọ́n rántí adìẹ tí bàbá mi pa. Kò sí ẹni tó rántí orúkọ obìnrin náà. Ó dùn mí. Nítorí náà ní àràárọ̀ mo ń lọ jókòó ti ẹní Ṣàrífátù, mo ń sọ orúkọ rẹ sétí ọmọ náà, Elvire, Elvire. Kò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó máa ń la ojú.

Ìyá tó bá wọlé tọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi jáde, ọmọ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí o bá gbà yóò ké, yóò sì gbó. Bó bá rẹ̀ ọ́ láàárín iṣẹ́, kí Ọlọ́run sọ sí ọ létí pé kí o máa ṣe é lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Francisco Ayọ̀ọlá