Ìwé Ilé Ọgbọ̀n

Ilé Àfáà Ládòkun,
Ṣakí.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, ọdún 1982.

Bọ̀ọ̀dá mi Mùstàfá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo jókòó sí. Mo nírètí pé ara yín le, pé ọyẹ́ tó ń fọ́ wa létè níbí kò le tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, àti pé iṣẹ́ ìwé yín ń lọ déédéé. Ara Ìyá le níwọ̀n. Èmi náà wà. Bàbá ni kò sí mọ́, ẹ sì ti gbọ́ ìyẹn nínú wáyà tí mo tẹ̀ sí yín. Ohun tí wáyà kò lè gbà ni mo fẹ́ kọ síbí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń fi kọ iṣẹ́ tí wọn yóò fi fún yín ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìkàwé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ bí àwa tó wà nílé ṣe mọ̀ ọ́n. Bàbá ńlá wa, Àfáà Ládòkun, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da Kùránì náà kọ. Kò dì í pọ̀. Ó pín in sí ọgbọ̀n, ó sì fún ilé ọgbọ̀n ní ìpín kọ̀ọ̀kan nínú àpò awọ ewúrẹ́. Bí èèyàn bá kú nínú àwọn ilé wọ̀nyí, gbogbo wọn á gbé ìpín tiwọn wá lọ́jọ́ fídàú, oníkálukú á ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Kùránì á sì parí kí omi àlùwàlá tó gbẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe orúkọ àwọn òkú tí ilé kọ̀ọ̀kan ti kọ sí etí ìpín tirẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ òkú tuntun tẹ̀ lé e. Orí itan Bàbá lẹ jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ Ìyá Àgbà, nítorí náà ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń bẹ Ọlọ́run fún nígbà tó dàgbà ni pé kí wọ́n ka ìwé yẹn fún òun, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sábẹ́ ti bàbá òun.

Nígbà tí ẹ gbé mọ́tò yunifásítì yín wá nígbà ọyẹ́ ìdúnta, ẹ ní fọ́tò lẹ fẹ́ yà, pé ìwé yóò padà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé. Ó bẹ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ó ń sọ pé, "Ọmọ mi ni. Èmi ni mo dúró fún un." Ilé Jẹ́ẹ́dé ló kẹ́yìn. Àfáà Ràmọ́nì, olórí ilé náà, kò tètè jọ̀wọ́ àpò tiwọn. Ó ní, "Bàbá Mùstàfá, bí ìwé yìí ò bá padà ńkọ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé Mẹ́kà ló fẹ́ gbé e sá lọ ni?" Àfáà Ràmọ́nì ní, "Ẹni tó lọ sí Mẹ́kà ń padà wálé." Ó sì yọ ìwé náà fún un. Ẹ kó ìwé sínú mọ́tò, ẹ fi àwọn àpò awọ sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Ẹ ní wọ́n ń rùn fún èéfín.

Ààwẹ̀ wọlé, ó jáde, òmíràn tún dé. Ìyá Àfáà Ràmọ́nì wá kú. Lọ́jọ́ fídàú, Bàbá wọ agbádá, ó lọ jókòó ní àyè rẹ̀ lórí ẹní. Àfáà Ràmọ́nì wò ó títí, ó wá ní, "Kí lẹ mú wá kà? Ẹ lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń dín àkàrà, bóyá ọwọ́ yín á ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀." Bàbá dìde. Ibẹ̀ náà ló lọ jókòó sí, láàárín àwọn obìnrin, títí wọ́n fi fi àdúrà lásán parí rẹ̀, láìsí ìwé tí wọ́n lè kọ orúkọ olóògbé sí. Èmi ni mò ń koná mọ́ ìkòkò epo, mi ò lè gbójú sókè.

Ìyẹn ló mú kí ó rán mi sí yín ní yunifásítì, pé kí n gba ìwé náà bọ̀. Ẹ wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín nígbà tí mo dé. Ọ̀kan nínú wọn bi yín pé ta ni mí, ẹ sì dá a lóhùn pé, "Ọmọ kan láti ìlú wa ni." Mo gbé gààrí tí Ìyá fi rán mi sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín. Ẹ mú mi lọ síbi tí ìwé náà wà nínú dígí. Wọ́n ti rán ìpín ọgbọ̀n náà pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ awọ pupa. Káàdì kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé a rí ìwé yìí ní Ṣakí, ó ti fọ́nká. Bọ̀ọ̀dá, ohun tó sọnù ni èèyàn máa ń rí. Ìwé yìí kò sọnù. Kò sí ilé kan nínú ọgbọ̀n tí kò mọ èèkàn tó fi tirẹ̀ kọ́.

Mo bi yín pé kí ló dé tí etí rẹ̀ fi tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ ní àwọn ìpín náà kò dọ́gba, pé ẹni tó dì í ló gé etí wọn kí ìwé lè jókòó dáadáa. Mo ní orúkọ àwọn òkú ńkọ́? Ẹ ní, "Ìkọkúkọ tí wọ́n kọ sí etí ìwé yẹn? Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kì í ṣe ara ìwé." Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé kí Bàbá fojú rí i lásán. Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ yín lẹ́yìn, ẹ wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Sàrátù, má fi ìwà ará oko dójú tì mí níbí."

Nígbà tí mo délé, Bàbá kò bi mí bóyá ẹ kí òun. Ó ní, "Ṣé a lè tú u?" Mo ní wọ́n ti gé etí rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n gé bàbá mi dànù." Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti wù ú mọ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹnu kàn yín lójú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọmọ mi ń kàwé ni."

Nípa tèmi, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ràsáàkì, ọmọ Àfáà Ràmọ́nì, tó ń fẹ́ mi, kò wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ní òun ò lè fi ọmọ ilé tí kò jẹ́ kí òun rí ibi kọ orúkọ ìyá òun sí ṣe aya ilé òun. Mo pàdé Ràsáàkì lọ́jà, ó kí mi bí ẹni ń kí ìyàwó àgbàlagbà kan: "Ẹ kú ọjà o, mà." Mo dá a lóhùn. Mo ra iyọ̀ tí mo wá rà.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Bàbá kú. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sin ín, kò sẹ́ni tó ṣe wá ní nǹkan kan lórí ìyẹn. Ọjọ́ fídàú ni gbogbo àwọn ilé náà wá, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Nígbà tí Ìyá rí wọn lọ́nà, inú rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n ti dárí jì wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní, oníkálukú ní àyè rẹ̀. Lèmọ́mù àdúgbò gbé Kùránì tí wọ́n tẹ̀ jáde, pé kí àwọn fi ìyẹn kà. Àfáà Ràmọ́nì ní, "Gbé e pa mọ́, ọmọ mi. Èyí tí a rà lọ́jà kò mọ òkú wa." Lèmọ́mù ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan náà ni." Ó ní, "Mo mọ̀. Ọlọ́run kò bínú. Àwa là ń bínú."

Wọ́n wá yọ àpò awọ jáde lábẹ́ agbádá, àwọn àpò tí ẹ ní wọ́n ń rùn. Wọ́n ṣí wọn, wọ́n tẹ́ wọn síwájú lófìfo. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí àkókò tí wọn ì bá fi kà á tán fi kọjá. Àfáà Ràmọ́nì dìde, ó kọjú sí yàrá Bàbá, ó ní, "Bàbá Mùstàfá, a ti ka èyí tí ọmọ rẹ fi sílẹ̀ fún wa. Kí yunifásítì wá pe orúkọ rẹ." Wọ́n sì ń lọ. Ìyá gbé àwo àkàrà tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fọwọ́ kàn án." Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni wáyà yín dé, pé ẹ ó wá lẹ́yìn àpérò, nítorí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí ìwé Ṣakí. Ìyá ní kí n má kọ nǹkan kan sí yín nípa ọjọ́ fídàú, kí ọkàn yín má bàa dàrú níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oyè náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, nítorí ohun tí Bàbá fi rà á kò kéré. Kí Ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, gígùn dáadáa, torí mi ò mọ ẹni tí yóò jókòó sórí ẹní fún yín nílùú yìí. Ìyá ń ṣàdúrà fún yín láràárọ̀, ó ní kí n kí yín.

Èmi ni,
ọmọ kan láti ìlú yín,
Sàrátù.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá gbé àpò awọ ilé wa dání. Ẹ fi í sínú dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, kí ẹ sì kọ káàdì tirẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ rí i. Èmi ni mo fi ránṣẹ́. Mo ti yẹ inú rẹ̀ wò kí n tó dì í, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe òórùn èéfín ilé wa.