Màmá Euphrasie Àṣàkẹ́ àti Ìkarahun Inú Òkúta (1961–2025)

Ẹsẹ̀ òkè ní Dassa-Zoumè ni a bí Màmá Euphrasie Àṣàkẹ́ sí ní ọdún 1961. Bàbá wọn, Isidore, jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu àti katekísítì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, nínú ìjọ Kátólíìkì. Ìyá wọn, Jeanne, ń ta gààrí fún àwọn èrò ọkọ̀ ní Paouignan. Nínú gbogbo ọmọ tí Jeanne bí, Àṣàkẹ́ nìkan ló yè. Ìdí nìyí tí Bàbá Isidore fi máa ń gbé wọn lé èjìká lọ sí oko, tí wọ́n á sì máa sọ ìtàn inú Ìwé Mímọ́ fún wọn títí wọn yóò fi dé ìdí iṣu.

Ní ọdún 1967, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Orí wọn pé. Wọ́n gba bákì, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ọdún 1981, wọ́n sì wọ yunifásítì ní Calavi, níbi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ní ọdún 1984, olùkọ́ wọn kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ní ìhà Pobè. Ibẹ̀ jìnnà sí òkun, síbẹ̀ ìkarahun àti eyín ẹja òkun kún inú òkúta ibẹ̀ fọ́fọ́. Fọ́síìlì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohun alààyè àtijọ́ tí ó ti di òkúta. Màmá sọ fún àwa ará ilé wọn pé ara àwọn bù máṣọ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé ọ̀kan wálé fún bàbá wọn. Wọ́n ṣàlàyé pé òkun ló bo ilẹ̀ ibẹ̀ rí, kí ènìyàn kankan tó dé ayé. Bàbá Isidore bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wá fi ọjọ́ mẹ́fà tí Ọlọ́run fi dá ayé sí. Màmá, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ṣì ń gbóná lára wọn, dáhùn pé òkúta kì í purọ́.

Bàbá Isidore ní, “Kò sí ẹni tí yóò jókòó nínú ilé mi kí ó pe Ìwé Mímọ́ ní irọ́.”

Màmá gbé òkúta wọn, wọ́n sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ ti yan ara wọn lódì.

Ní ọdún 1987, Màmá fẹ́ Éloi, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ àdúgbò Akofodjoulè. Jeanne kúnlẹ̀ bẹ ọkọ wọn kí wọ́n wá síbi ìgbéyàwó náà, ṣùgbọ́n Bàbá Isidore kọ̀. Mathieu, àbúrò bàbá, ló mú ìyàwó dé iwájú pẹpẹ. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, nínú òbí méjèèjì, Jeanne nìkan ló dúró ti ọmọ wọn, ojú wọn sì wú fún ẹkún.

Màmá ṣe olùkọ́ ní Glazoué, lẹ́yìn náà ní Dassa, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ kò ní gbàgbé. Wọn a ní bí ẹja bá kú sí ìsàlẹ̀ omi, ẹrẹ̀ a bò ó. Ẹran rẹ̀ a jẹrà, egungun àti eyín rẹ̀ a ṣẹ́kù. Ẹrẹ̀ a tún gun orí ẹrẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi le koránkorán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, bí ìgbà tí ènìyàn bá to aṣọ sínú àpótí. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò mọ ẹranko tó ti parun, yóò sì mọ ibi tí òkun ti fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ a máa gun òkè wa lọ wá fọ́síìlì, wọn a sì padà lọ́wọ́ òfo. Màmá a rẹ́rìn-ín. Wọn a ní inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta òkè Dassa ti wá, àti pé ó ti wà kí ẹja kankan tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi.

Ní ọdún 2003, Jeanne papò dà. Ojú Bàbá Isidore ti fọ́ nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́únjẹ fún wọn. Màmá fúnra wọn lọ mú bàbá wọn wá sílé. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń jẹun, ó parí síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ọdún 2004, Màmá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nípa fọ́síìlì ní àgbàlá. Bàbá Isidore jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, wọ́n ní kí Màmá gbé òkúta ìjelòó náà wá. Wọ́n fi ìka tọ ilà ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ìkarahun ni èyí. Ta ló kó o sínú òkúta, Àṣàkẹ́?”

“Òkun ni, Bàbá.”

“Ta ló ni òkun?”

“Ọlọ́run ni.”

Bàbá gbé òkúta náà lé itan. Wọ́n wá ní, “Kí wá ni mo ń bá ọmọ mi jà sí?”

Màmá kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bàbá wọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Isidore kú. Àlàáfíà tí Jeanne fi gbogbo ọjọ́ alẹ́ wọn bẹ̀bẹ̀ fún dé, ṣùgbọ́n kò ṣojú wọn. Ẹ̀dùn yìí kò tán lọ́kàn Màmá rárá. Bí a bá bá fọ́tò ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ wọn, a mọ̀ pé kí a má sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, Màmá a máa gba àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tó wá sí Arígbó, ihò òkúta mímọ́ àwọn Kátólíìkì ní Dassa, sílé, wọn a sì fún wọn lómi àti oúnjẹ. Àìsàn kíndìnrín dá wọn gúnlẹ̀ ní ọdún 2024. Nígbà tí agbára ń tán lọ, wọ́n pe Éloi, wọ́n ní, “Tí àwọn ọmọ bá jà, kí wọ́n parí ẹ̀ kíá. Ẹni tó ń ṣìpẹ̀ lè kú.” Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 2025, ní ìdájí, Màmá dákẹ́.

Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, Éloi. Àwọn ọmọ, Fréjus, Vanessa àti Bienvenu. Àwọn ọmọ-ọmọ, àti ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní ìyá.

Ilé dá páropáro, Àṣàkẹ́. A pè yín títí, ẹ kò jẹ́ wa. Kí Olúwa gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí ó sì nu omijé ojú yín nù. Ẹ sùn re o.